Owó Ṣáájú Mi Délé

Àbíjàn ni wọ́n sin bàbá mi sí. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò á mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan tuntun, nítorí agboolé tí kò ní sàréè kan ní Kòtídífúà kò pọ̀ nílùú wa. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jìgbò ni òun àti àwa ọmọ wà nígbà tí ikú dé. Wọ́n sin bàbá lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó da yẹ̀pẹ̀ sí i. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dá ọ̀rọ̀ àjò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, ojú rẹ̀ á yí padà.

Gàrí tó rà bọ̀ láti ìlú Ara ló ń dà sápò lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé mò ń lọ sí Íńdíà. Kò dúró. Ó ṣáà ń dà á lọ.

Ó ní, "Íńdíà? Ṣé àwọn tó ń ta aṣọ ní Àbíjàn nígbà tí a wà níbẹ̀?"

"Ilé wọn gan-an, Ìyá. Alhája ló fẹ́ kí n máa bá òun ṣiṣẹ́."

Alhája tí mò ń wí, ọmọ Ẹ̀jìgbò bíi tiwa ni. Aṣọ ọmọdé ló ń kó láti ìlú Délì lọ sí Àbíjàn, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa yẹ aṣọ wò, tí yóò máa ká a, tí yóò sì máa dì í kí ọkọ̀ tó gbé e.

"Ṣé ó jìnnà ju Àbíjàn lọ?"

"Ó jìnnà jù ú lọ dáadáa."

"Ṣé mọ́tò ilẹ̀ ń débẹ̀?"

"Rárá o, Ìyá. Bàálù ni."

Ìgbà yẹn ló gbé agbọ̀n gàrí kalẹ̀. Ó ní, "Máa lọ. Mi ò ní dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ọwọ́ rẹ ni kó kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí mi. Kó má jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn."

"Háà, Ìyá! Ẹ̀yin tí ẹ máa pẹ́ láyé."

"Ṣé mo bi ọ́ bóyá n ó pẹ́ ni?"

Mo ní, "Ọwọ́ mi ni yóò jẹ́, Ìyá." Ó ní, "Dakọ́ọ̀," ó sì tún gbé agbọ̀n rẹ̀. Faransé díẹ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, pé òun ti gbà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti parí pátápátá nìkan ló sì máa ń lò ó.

* * *

Káàdì báǹkì kan ni mo gbójú lé nígbà tí mò ń lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ti rìnrìn àjò ní òun ni ayé ń ná báyìí. Wọ́n ní n kò ní ki nǹkan kan bọ nǹkan kan, n kò ní tẹ nọ́ńbà, n ó kàn fi kan ẹ̀rọ ni, yóò dún pín, ó parí. Mo wá so káàdì yìí mọ́ra bí ìfúnpá. Mo ti rí ara mi tí mò ń fi kan ẹ̀rọ káàkiri Délì, tí àwọn ará Íńdíà ń wò mí pé ẹ̀yin náà ẹ wo ọmọ Ẹ̀jìgbò.

Àárọ̀ àkọ́kọ́, mo lọ mu tíì létí ọ̀nà, nítòsí ilé tí a ń kó aṣọ sí. Bàbá arúgbó kan ló ń tà á, ó fi làálì kun irùngbọ̀n rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní Chacha, èyí tó túmọ̀ sí àbúrò bàbá ẹni. Mo mu tíì tán, mo nu ẹnu, mo yọ káàdì mi síta bí ọ̀gá. Bàbá wo káàdì, ó wo ojú mi, ó wá nawọ́ sí òpó ìsọ̀ rẹ̀.

Bébà kan ló lẹ̀ mọ́ òpó yẹn, onígun mẹ́rin, tí wọ́n ya àmì dúdú sí lára, játijàti bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó á gbé fóònù rẹ̀ kọjú sí bébà náà, á tẹ nǹkan, á sì máa lọ. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tíì. Bí owó bá ti wọlé, àpótí yẹn á fi ohùn obìnrin kéde iye tó wọlé fún gbogbo àdúgbò. Kò sí ẹ̀rọ tí mo lè fi káàdì kàn. Mo wò yíká, mo rí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀fọ́, bébà wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń rán bàtà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bébà wà lára àpótí ìránbàtà rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, alágbe tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó gbé tirẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo gbàgbé láti fún un ní nǹkan.

Níbi tí mo ti dúró tí mò ń làágùn, ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi gbé fóònù rẹ̀ sókè. Obìnrin inú àpótí sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti san tirẹ̀, ó sì ti san tèmi. Kí n tó yíjú láti dúpẹ́, ọkùnrin náà ti wọ àárín èrò lọ. Nílé wa, ẹni tó bá ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún ọ, o ò ní jẹ́ kó lọ láìṣàdúrà fún un, fún ìyá rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ tí kò tíì bí. Àdúrà yẹn há mi lọ́nà ọ̀fun títí di ọ̀sán. Èmi tí mo ti ní kí wọ́n wò mí.

* * *

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni a ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ lápá ọ̀tún, aṣọ lápá òsì, iná mànàmáná lójú ẹni látàárọ̀, fóònù kì í sì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n Híńdì ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ pè mí, wọ́n á ní "Africa." Africa, gbé ìyẹn wá. Africa, dì í dáadáa. Gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n kó rù mí lórí, tí wọ́n wá ní kí n máa di aṣọ.

Mi ò mọ̀ pé orúkọ lè máa pa ènìyàn bí òùngbẹ. Ní Ẹ̀jìgbò, kí n tó ti ilé wa dé mọ́ṣáláṣí, ẹnu á ti rẹ̀ mí. Ẹni yìí á pè mí, ẹni tọ̀hún á pè mí, wọ́n á bèèrè ìyá mi, wọ́n á bèèrè gàrí, ẹlòmíràn á tilẹ̀ bú mi pé mò ń gbéra ga nítorí pé n kò tètè dáhùn. Ó máa ń bí mi nínú nígbà náà. Ní Délì, mo lè ti yàrá mi dé ibi iṣẹ́, kí n padà, kí n jẹun, kí n kírun, kí n sùn, láìsí ẹlẹ́ran ara kan tó mọ̀ pé mo ní orúkọ. Ìgbà mìíràn mo máa ń pe ara mi nínú yàrá. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá ti rìn jìnnà mọ ohun tí mò ń sọ.

Tíì Chacha ni mo fi ń ṣe ilé. Nígbà tí Híńdì mi ti dára díẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà sì ń gbìyànjú, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi ra ẹ̀rọ tí ènìyàn lè fi káàdì kàn.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn ń jẹun, ọmọ. Ẹni tó gbé e wá á gba owó lórí rẹ̀, báǹkì á tún bù nínú owó tíì mi. Tíì ha tó kí á pín in? Bébà yìí kì í jẹ, kì í mu."

"Káàdì kò ha yá ju fóònù lọ?"

"Fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Káàdì wà nílé, lábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n ń bẹ̀rù kí olè má fi ẹ̀rọ kàn án lápò wọn. Èmi náà sì fẹ́ owó mi báyìí, nítorí báyìí ni mo fẹ́ ra wàrà. Ti káàdì, ó lè di ọ̀la." Ó gbá àpótí rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Eléyìí ló ń bá mi wò ó. Kò sí ẹni tó lè purọ́ fún mi pé òun ti san."

Mo rántí ìyá mi nídìí gàrí, tí àwọn kan ti fi álẹ́ẹ̀tì èké gbé gàrí rẹ̀ lọ rí, tó ń na fóònù sí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá pé, "Bá mi wò ó, ṣé ó ti wọlé?" Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn wọ̀ mí lára.

Nígbà tí ìwé ìgbélùú mi jáde, báǹkì gbà mí, mo sì gba nọ́ńbà tèmi. Lọ́jọ́ náà, mo yára lọ sọ́dọ̀ Chacha. Mo gbé fóònù sí bébà, orúkọ bàbá fúnra rẹ̀ yọ sójú fóònù mi, orúkọ gígùn kan tí n kò gbọ́ rí. Mo tẹ̀ ẹ́. Obìnrin inú àpótí sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ nítorí tèmi! Chacha gbé fóònù rẹ̀ súnmọ́ ojú, ó fún ojú pọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ mi. Ó ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, kò sí ohùn kan tó bọ́ sójú àyè rẹ̀. Bí ìyá mi bá gbọ́ ọ, á ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni. Mo tún ra tíì kejì, òùngbẹ kò gbẹ mí o, kí ó lè tún pè é ni.

Kíá mo pe ilé. Ráfátù àbúrò mi gbé fóònù fún Ìyá, mo sì na tèmi sétí àpótí.

"Ẹ gbọ́, Ìyá?"

Ó ní, "Obìnrin wo nìyẹn lọ́dọ̀ rẹ?"

"Àpótí ni, Ìyá. Àpótí ló ń kéde owó."

"Àpótí tó ń sọ̀rọ̀ bí obìnrin! Má jẹ́ kó sùn sílé rẹ o." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọkọ mi, ìgbà wo lò ń bọ̀?"

* * *

Bí mo ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù náwó, bẹ́ẹ̀ náà ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi rán owó sílé. Ìdí tíì ni mo ti máa ń ṣe é. N ó tẹ̀ ẹ́, kí tíì tó tutù Ráfátù á ti pè pé ó ti wọlé, òun ń lọ gbà á lọ́dọ̀ oní-POS ìtòsí ilé wa. Nígbà tí bàbá wà ní Àbíjàn, ọwọ́ àwọn tó ń bọ̀ wálé ló ń fi owó rán, inú aṣọ tí wọ́n rán mọ́ra, ó lè pẹ́ lójú ọ̀nà títí a ó fi jẹ gbogbo gàrí tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé owó náà wá á jókòó, á jẹun, á sọ bí bàbá ṣe rí, pé ó sanra, pé ó ń wúkọ́. Tèmi kì í bá ẹnikẹ́ni wá. Á kàn wọlé ni.

Ìyá mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń ní, "Owó rẹ ti dé. Ìwọ ńkọ́?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Lẹ́yìn náà èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, kò lè dé Ara lọ ra gàrí mọ́. Mo ní n ó wálé. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà mi wà lọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tún ìwé ìgbélùú ṣe, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kì í sì í gbé ojú sókè bó bá ń dáni lóhùn. Ó ní kí n máa retí. Mo lọ, mo bọ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Kí n máa retí náà ni. Kí ni n ó ṣe? Mo gbé fóònù, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí Òṣogbo. Wọ́n ní kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, mo tẹ̀ ẹ́. Oògùn, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀ bí ẹni pé èmi gan-an ni mo ti dé ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Ẹ̀tàn ni. Ọwọ́ tó di ìyá mi mú lórí ibùsùn, ọwọ́ Ráfátù ni.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá mi sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọkọ mi, owó rẹ mọ eré é sá o. Sọ fún ẹsẹ̀ rẹ kó máa bá a sáré."

Mo ní, "Mò ń bọ̀, Ìyá." Kò dá mi lóhùn pé dakọ́ọ̀.

* * *

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ ni, mo jáde láti abẹ́ ilẹ̀, mo gba ìdí tíì lọ. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ráfátù ní, "Bùọ̀dá, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó." Ìdúró ni mo wà.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè yín, kò wọlé. Ìyá ti fi wá sílẹ̀, Bùọ̀dá. Ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun Àsùbáà ni."

N kò kígbe. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ dúró dè mí."

 Mo gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ Àlùkùránì. Ó ní, "A ti sin ín, Bùọ̀dá. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kó pẹ́."

"Ta ló kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí i?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá."

"Ráfátù, ta ló kọ́kọ́ dà á?"

Ẹkún ló fi dáhùn. Láàárín ẹkún rẹ̀ náà, obìnrin inú àpótí Chacha kò dákẹ́, ó ń kéde owó tíì, owó búrẹ́dì, owó tíì.

Sàráà ló wá sí mi lọ́kàn. Nílé, à bá ti dín àkàrà, à bá ti pe àwọn ọmọdé, alùfáà á sì pe orúkọ òkú kí á tó ṣe àmín. Mo wo àwọn tó wà nídìí tíì, awakọ̀, alágbàṣe, ẹni tí n kò mọ̀ rí. Mo gbé fóònù sí bébà, mo san ti gbogbo wọn. Níbi tí fóònù ti ń bèèrè pé owó kí ni, tí n kì í kọ nǹkan kan sí, mo kọ orúkọ ìyá mi síbẹ̀: Sìkírátù.

Àpótí kéde. Gbogbo wọn yíjú wò mí, nítorí owó náà ju ti tíì ẹnìkan lọ. Chacha wo fóònù rẹ̀, ó wò mí.

"Ta nìyí?"

"Ìyá mi."

"Níbo ló wà?"

N kò rí ọ̀rọ̀ náà ní Híńdì. Mo na ìka sílẹ̀. Bàbá yẹn wo ìka mi, ó wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó nawọ́ sẹ́yìn ìkòkò, ó pa àpótí náà. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yẹn, n kò gbọ́ kí obìnrin yẹn dákẹ́ rí. Chacha tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, àwọn díẹ̀ lára wọn tẹ́ tiwọn, àwọn tó kù gbé ife tíì sọ̀kalẹ̀. Ó pe orúkọ ìyá mi. Tèmi ni kò lè pè láéláé, ṣùgbọ́n ti ìyá mi, ó pè é gẹ́lẹ́ bí àwọn alùfáà wa ní Ẹ̀jìgbò ṣe ń pè é. Wọ́n ní, "Àmín." Èmi náà ní, "Àmín." Ìgbà náà ni mo tó jókòó, tí mo sì sunkún bí ọmọdé.

* * *

Ìwé ìrìnnà mi jáde nígbà tí kò sí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe mọ́. Kí ó tó jáde, mo ti fi owó fídàú ránṣẹ́, mo sì ti fi òmíràn lé e. Nígbà tí Ráfátù bèèrè ohun tí wọn yóò fi ìyókù ṣe, mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú ojú oórì Ìyá títí n ó fi dé. Kíákíá ló wọlé fún wọn, bí í ti í ṣe.

Mo dé Ẹ̀jìgbò lọ́sàn-án. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí láti iwájú, láti ẹ̀yìn, orúkọ mi pé pérépéré lẹ́nu wọn. "Ẹ kú àjò o! Ẹ kú àṣẹ̀yìndè! Ọlọ́run á tẹ́ Ìyá sáfẹ́fẹ́ rere." Mo ń ṣe àmín, mo ń lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí Ìyá máa ń jókòó sí da gàrí sápò, mo bẹ̀rẹ̀, mo bu yẹ̀pẹ̀ kún ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo tẹ̀ lé Ráfátù lọ sẹ́yìnkùlé.

Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì dì í. Wọ́n tún lẹ táìsì funfun mọ́ ọn látòkè délẹ̀, ó ń kọ mànà nínú oòrùn, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i dáadáa.

Ráfátù ní, "Owó yín ni, Bùọ̀dá. Bó ṣe dé la ti ṣe é. A ní kí ẹ lè bá a ní ẹwà." Ó wo ojú mi, kò rí ohun tó ń retí níbẹ̀. Ó wá rí ọwọ́ mi. "Yéè! Bùọ̀dá!" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo ní kó má sunkún. Ó ṣe é dáadáa, kò sí ẹni tó lè ní kò ṣe é dáadáa. Owó mi ti dé ibẹ̀, ó ti bo gbogbo rẹ̀, kò ṣẹ́ ku ibi tí ọwọ́ mi lè gbà wọlé.

Mo da yẹ̀pẹ̀ náà sórí táìsì. Ó dún ṣàà. Mo ní, "Ìyá, mo dé."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a kírun Àsùbáà tán, mo padà síbẹ̀. Ojú oórì mọ́ tónítóní. Ìyàwó ilé kan tó máa ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀ ti gbá a, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo dá a lóhùn. Ìgbà tó wọlé tán, mo bẹ̀rẹ̀, mo tún bu yẹ̀pẹ̀ mìíràn.